Ọ̀nà Tí Ó Ń Gbé Ọkọ̀ Mì ní Etíkun Cape Town

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, bí kò bá jẹ́ pé ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣe, tí wọ́n sì fi àwòrán rẹ̀ hàn káàkiri ayé, èmi fúnra mi ì bá má gbà á gbọ́. Mo fẹ́ ròyìn ìlú kan tí iná ń lọ lójoojúmọ́, tí olórí orílẹ̀-èdè rẹ̀ dìde tó sì kéde pé ọ̀rọ̀ iná ti di àjálù, tí ọkọ̀ 22 tí kì í mu epo rárá sì rọ́ wọ ìgboro rẹ̀ láti fi iná mànàmáná sáré àsápajúdé. Mo fẹ́ ròyìn ọ̀nà kan tó jẹ́ ọ̀nà ìgboro lásán, ọ̀nà tí takisí ń gbà, tí àwọn ènìyàn ń ti ọmọdé kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ṣàdédé di abàmì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ mì lọ́kọ̀ọ̀kan, èjì-èjì, àní mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fẹ́ ròyìn akọni kan láti ilẹ̀ Potogí tó dúró sí ipò kọkànlá nígbà tí wọ́n tò jọ, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, àti ohun tó fi ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ rí kí oòrùn tó wọ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023. Ìlú náà ni Cape Town, ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, níbi tí òkun Àtìláńtíìkì ti ń lu etí ilẹ̀ tọ̀sán-tòru. Òkè ńlá kan wà lẹ́yìn ìlú yìí tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ga ju mítà 1,000 lọ. Table Mountain ni wọ́n ń pè é, bí ìkùukùu bá sì wọ́ bò ó, àwọn ará ìlú á ní wọ́n ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Afẹ́fẹ́ kan tún wà tí ń ti gúúsù ìlà-oòrùn fẹ́ wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ tí kì í wojú ẹnikẹ́ni kó tó gba fìlà lórí rẹ̀. Dókítà ni wọ́n sọ afẹ́fẹ́ yìí, nítorí wọ́n gbà pé òun ló ń gbá àìsàn àti èérí kúrò lójú òfuurufú ìlú. Lórí òkè kékeré tí wọ́n ń pè ní Signal Hill, àgbá ń dún ní aago méjìlá ọ̀sán gan-an lójoojúmọ́ àfi ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni àlejò tí kò mọ̀ á ta gìrì, onílé á sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Bí o bá dúró ní etíkun tí o wo ọ̀ọ́kán, Robben Island ni o ó rí láàárín omi, erékùṣù tí Nelson Mandela ti lo ọdún 18 nínú ọdún 27 tó fi ṣẹ̀wọ̀n.

Àdúgbò Green Point ni ìtàn wa ti ṣẹlẹ̀, láàárín Signal Hill àti òkun. Pápá ìṣeré ńlá kan wà níbẹ̀, funfun gbòò, tí wọ́n kọ́ fún ìdíje Ife Àgbáyé ọdún 2010. Inú rẹ̀ ni Netherlands ti na Uruguay ní àmì ayò 3 sí 2 kí wọ́n tó lọ bá Spain ní àṣekágbá. Lẹ́bàá òkun, kò jìnnà sí pápá náà, ilé iná kan wà tí wọ́n kùn ní ìlà pupa àti ìlà funfun, tí ń ṣẹ́jú sí àwọn ọkọ̀ ojú omi láti ọdún 1824. Nínú gbogbo ilé iná tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Gúúsù Áfíríkà, òun ni àgbà wọn. Àwọn tó kọ́ ọ kò kọ́ ọ ṣeré: àpáta abẹ́ omi ibẹ̀ a máa fa ọkọ̀ ya. Ẹ wá wo iṣẹ́ ayé. Ibi tí ọkọ̀ ti ń fọ́ látayébáyé ni wọ́n kọ́ ilé iná sí, ìtòsí ilé iná yẹn náà ni wọ́n sì ní kí àwọn ọkọ̀ oníná wá ti sáré.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti iná, nítorí ibẹ̀ ni kókó wà.

Eskom ni ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń pèsè iná fún Gúúsù Áfíríkà. Èédú ni wọ́n ń dáná sí jù, àwọn ilé ẹ̀rọ náà sì ti gbó. Nígbà náà, bí wọ́n bá tún ọ̀kan ṣe lónìí, òmíràn á dákú lọ́la. Nígbà tí iná kò bá wá kárí mọ́, ńṣe ni wọ́n ń pín òkùnkùn káàkiri àdúgbò bí ìyálé tí ń pín ẹran ọdún, kí ó má baà sí ẹni tí kò ní kàn. Wọ́n ní ìpele fún un. Ìpele 1 kò ni ènìyàn lára, ṣùgbọ́n nínú oṣù kejì ọdún 2023 yẹn, wọ́n dé ìpele 6, tí ilé mìíràn á fi wà nínú òkùnkùn fún wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá láàárín ọjọ́ kan. Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú tiwọn ni pé wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n á ní ẹ̀yin ará àdúgbò báyìí, láti aago báyìí sí aago báyìí, ẹ máa retí òkùnkùn. Bí aago bá sì ti lù, iná á lọ lóòótọ́. Àwa tí NẸ́PÀ tọ́ dàgbà mọ̀ pé irú òótọ́ inú bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ní ọjọ́ 9 oṣù náà, ìyẹn ọjọ́ 16 péré kí eré tó bẹ̀rẹ̀, Ààrẹ Cyril Ramaphosa dúró nínú gbọ̀ngàn ìlú Cape Town yìí kan náà láti bá orílẹ̀-èdè rẹ̀ sọ̀rọ̀. Gbọ̀ngàn ìlú ni ó lò nítorí iná ti jó ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Iná tí a kò wá, òun ni í rọrùn láti rí. Níbẹ̀ ni ó ti kéde pé àìsí iná ti di àjálù orílẹ̀-èdè, tó sì ní òun yóò yan mínísítà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ju ọ̀rọ̀ iná lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ díẹ̀, ọkọ̀ oníná gúnlẹ̀.

Ta ni yóò wá fún wọn ní iná jẹ? Àwọn tó gbé eré náà wá kò fi ojú sí ọ̀dọ̀ Eskom rárá. Jẹnẹrétọ̀ tiwọn ni wọ́n ń gbé káàkiri ayé, epo tí wọ́n sì ń bu sínú rẹ̀ kì í ṣe dísù tí a ń rà nílé epo, láti ara òróró ewéko ni wọ́n ti ṣe é. Ìlú Cape Town alára ní ọgbọ́n tirẹ̀ pẹ̀lú. Lórí àwọn òkè tó wà ní ìlà-oòrùn ìlú, adágún omi méjì wà ní Steenbras, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ní òru, nígbà tí àwọn ènìyàn ti sùn tí iná sì ṣẹ́kù díẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ fa omi lọ sókè. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí iná bá wọ́n, wọ́n á tú omi náà sílẹ̀ kí ó máa yí ẹ̀rọ bí ó ti ń bọ̀. Láti ọdún 1979 ni ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lè mú megawatt 180 wá. Ìdí nìyí tí òkùnkùn Cape Town fi máa ń fúyẹ́ ju ti àwọn ìlú yòókù lọ díẹ̀ nígbà náà. Ẹ fi omi tó ń lọ sókè tó ń padà wá yìí sọ́kàn, torí irú rẹ̀ gan-an ló wà lábẹ́ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí.

Formula E ni orúkọ eré náà, orí ìnujú ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2011, Alejandro Agag, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, jókòó jẹun pẹ̀lú Jean Todt, olórí àjọ tí ń ṣàkóso eré ìje ọkọ̀ lágbàáyé, nínú ilé oúnjẹ kékeré kan ní Paris. Bí oúnjẹ ti ń lọ ni ọ̀rọ̀ ń lọ: bí a bá ṣe ìdíje kan tó jẹ́ pé iná mànàmáná nìkan ni ọkọ̀ á lò ńkọ́? Bí a bá gbé e wọ àárín ìlú, nígbà tó jẹ́ pé kò ní rú èéfín, kò sì ní pariwo ya àwọn ènìyàn létí? Wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá sọ sórí ìnujú bébà tó wà níwájú wọn. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ìdíje àkọ́kọ́ wáyé ní Beijing, Lucas di Grassi, ọmọ Brazil, ló sì gbà á, lẹ́yìn tí àwọn méjì tó wà níwájú rẹ̀ kọlu ara wọn ní kọ́nà tó kẹ́yìn pátápátá. Ẹ má gbàgbé orúkọ di Grassi yìí. Ọ̀nà Cape Town mọ̀ ọ́n.

Ọkọ̀ tó wá sí Cape Town jẹ́ ìran kẹta, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e jáde. Tí wọ́n bá tú gbogbo okun rẹ̀ sílẹ̀, ó ń lo kilowatt 350, iná tí ogunlọ́gọ̀ ilé lè fi tan gílóòbù, fáànù, kí wọ́n tún lọ aṣọ. Tó bá di eré gan-an, wọ́n á dín in kù sí 300. Kì í bú ramúramù. Ohùn rẹ̀ jẹ́ fíìì kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gún ni létí, tó jẹ́ pé o ó máa gbọ́ bí táyà ti ń ké àti bí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ti ń ha ọ̀dà. Ṣùgbọ́n ohun àrà tó wà lára rẹ̀ jù ni búréèkì. Ọkọ̀ tiwa, bí o bá tẹ búréèkì, agbára tí o fi epo rà náà á di ooru, á fẹ́ lọ. Tiwọn kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí awakọ̀ bá ti ń dín eré kù, ẹ̀rọ tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ á yí ìwà padà, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọn iná padà sínú bátìrì. Nínú gbogbo iná tí ọkọ̀ náà ń lò lójú eré, ó lé ní ìdá 40 nínú 100 tó jẹ́ pé ìdádúró ló pọn ọ́n. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ya ọkọ̀ náà sórí ìwé, wọn kò tilẹ̀ fi búréèkì olómi sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rárá, ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n fi sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá sáré jù kọ́ ló ń gba ife. Ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kí òun sáré, tó sì mọ bí a ti ń dúró, òun ni àwọn tó kù ń bẹ̀rù.

Ọ̀nà náà ńkọ́? Ó dín díẹ̀ ní kìlómítà 3, kọ́nà rẹ̀ sì jẹ́ 12. Ó gba Vlei Road, ó jáde sí Helen Suzman Boulevard, títì tí wọ́n fi orúkọ obìnrin akíkanjú tó bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà wọ̀yá ìjà nílé aṣòfin sọ, ó yà sí apá òkun, ó sì bá Beach Road padà wá pòyì yí pápá ìṣeré náà ká. Ní ọjọ́ gbogbo, ọ̀nà tó dùn ún rìn ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé ògiri kankéré tò sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀, wọ́n sì ta wáyà irin sórí ògiri náà, tí ojú awakọ̀ kò fi rí nǹkan kan mọ́ ju ihò tóóró tó wà níwájú rẹ̀. Ní irú ọ̀nà báyìí, àní ìdérí kòtò omi ìdọ̀tí pàápàá, wọ́n ní láti jó o mọ́lẹ̀, nítorí ọkọ̀ wọ̀nyí ń fa ilẹ̀ mọ́ra débi pé afẹ́fẹ́ abẹ́ wọn lè ṣí irin tó wúwo, kí ó sì sọ ọ́ lu ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà ìgboro tí Formula E ti sá tẹ́lẹ̀ ni ó ní kọ́nà jẹ́jẹ́ tó máa ń fún ni láàyè láti mí. Ti Cape Town kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ́nà rẹ̀ gùn, eré ibẹ̀ sì pọ̀, gbogbo gbágungbàgun tí ojú ẹlẹ́sẹ̀ kò lè rí ni ọkọ̀ náà sì ń bá pàdé. Tí ìdí ọkọ̀ bá fi ìka kan péré yẹ̀, ògiri ló kàn.

Gúúsù Áfíríkà ti ń retí ọjọ́ yìí. Ọkọ̀ Formula One kò tíì sáré ní ilẹ̀ Áfíríkà láti ọdún 1993, nígbà tí Alain Prost gba ife ní Kyalami. Formula E dé Marrakesh ní ọdún 2016, ṣùgbọ́n kò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí ìhà ibí rí. Wọ́n ti kọ́kọ́ kọ orúkọ Cape Town sínú ètò ọdún 2022, wọ́n sì tún yọ ọ́. Nítorí náà, nígbà tí ó di pé ọkọ̀ dé lóòótọ́, àwọn ènìyàn tú jáde. Ẹni kan sì wà nínú àwọn awakọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé fún.

Kelvin van der Linde ni, ọmọ bíbí Johannesburg. Ilé tí wọ́n ti ń sáré ọkọ̀ láti ìran dé ìran ni wọ́n bí i sí. Sheldon àbúrò rẹ̀ ló gba adé ìdíje ọkọ̀ DTM ní Jámánì ní ọdún 2022. Kelvin kò sí lára àwọn tó yẹ kí wọ́n sáré Formula E ní ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ní ìdíje àkọ́kọ́ ọdún náà ní Mẹ́síkò, Robin Frijns, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó ń wa ọkọ̀ fún ABT Cupra, fi ọwọ́ ṣẹ́, wọ́n sì ránṣẹ́ sí Kelvin pé kí ó wá bá wọn jókòó sí àga náà títí ọwọ́ onílé yóò fi jiná. Ẹ wo bí orí ti ń ṣiṣẹ́! Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà ni eegun Frijns ti ṣẹ́, òun ló sì fẹ́ gbé ọmọ Johannesburg délé. Ó dé Cape Town, ó wọ aṣọ, ó dé akoto, ó wa ọkọ̀ náà fún ìdánrawò lójú àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ìgbà náà ni ọ̀nà la ẹnu.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ lára ọkọ̀ àwọn Mahindra, ilé-iṣẹ́ ará Íńdíà. Irin tó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́ ara ọkọ̀ ni kò gba ìyà tí gbágungbàgun ọ̀nà náà fi jẹ ẹ́. Bí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìdánrawò, ẹ̀rù bà wọ́n. Kò sí bí wọ́n ṣe lè mọ̀ bóyá irin yẹn á di ẹsẹ̀ mú nígbà tí ọkọ̀ bá ń já lọ láàárín ògiri méjì. Wọ́n pinnu pé àwọn kò ní sáré. Bẹ́ẹ̀, ABT Cupra kò kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn fúnra wọn; ọwọ́ Mahindra ni wọ́n ti rà á. Àrùn tó ń ṣe ọ̀kan ló ń ṣe èkejì. Ọkọ̀ mẹ́rin jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í díje fún ipò ìbẹ̀rẹ̀ eré, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó nà wọ́n. Di Grassi, ẹni tó gba ife àkọ́kọ́ pàá nínú ìtàn eré yìí, wà nínú àwọn mẹ́rin náà, nítorí Mahindra ló ń wa ọkọ̀ fún lọ́dún náà. Van der Linde wà nínú wọn pẹ̀lú. Ọmọ onílé tó fò wá sílé, wọ́n ní kó bọ́ akoto. Èmi ò dá wọn lẹ́bi. Irin tó bá já lójú eré bẹ́ẹ̀, òkú ló ń bí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bó bá jẹ́ èmi ni Kelvin, n kò ní lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀nà kò yó. Kí eré gan-an tó bẹ̀rẹ̀, Sam Bird, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń wa Jaguar, fi ọkọ̀ rẹ̀ fọ́ mọ́ ògiri. Edoardo Mortara, tó ń wa Maserati, fọ́ tirẹ̀ náà. Àwọn mẹkáníìkì dà bo ọkọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun tó bàjẹ́ ti ju ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè tò pọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì di òǹwòran. Láàárín gbogbo ìparun yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ẹ̀rù kò bà: Sacha Fenestraz, ẹni tí ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Argentina jọ ń pè ní ọmọ, tó sì ń wa ọkọ̀ fún Nissan. Bí ó ti ń fẹ́ lọ láàárín àwọn ògiri wọ̀nyẹn, ó yí ọ̀nà náà ká ní ìyára tí ọkọ̀ Formula E kankan kò tíì fi yí ọ̀nà rẹ̀ ká rí láti ìgbà tí eré náà ti dáyé títí di ọjọ́ náà. Wọ́n fi ipò kìíní fún un. António Félix da Costa, akọni wa ọmọ Potogí, wà lẹ́yìn pátápátá ní ipò kọkànlá.

Da Costa kì í ṣe ọmọdé nínú iṣẹ́ yìí. Òun ló gba adé gbogbo ọdún ní 2020. Ìdíje ti Cape Town yìí sì jẹ́ ìkọgọ́rùn-ún tí yóò sá nínú Formula E. Ṣùgbọ́n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé Porsche ni, Pascal Wehrlein ọmọ Jámánì tí wọ́n jọ ń wa ọkọ̀ níbẹ̀ ló sì ń gba gbogbo ìyìn, nítorí òun ló wà lókè tábìlì àmì ìdíje ní àkókò yẹn. Àwọn ènìyàn ti ń bi ara wọn bóyá ọmọ Potogí yìí ti ń rọ̀.

Iná àṣẹ kú, ọkọ̀ tú yáyá. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀nà fi gba oúnjẹ àkọ́kọ́. Wehrlein alára, olórí tábìlì, ló lọ kọlu ìdí ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀, eré tirẹ̀ sì parí síbẹ̀ láìtíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní kí gbogbo wọn rọra máa bọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ ìṣọ́ra títí wọ́n fi palẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n tún tú wọn sílẹ̀, Fenestraz wà níwájú, Maximilian Günther ọmọ Jámánì ń lé e kíkankíkan, Nick Cassidy ọmọ New Zealand ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Da Costa sì ń gun àkàbà bọ̀ jẹ́jẹ́. Kì í ṣe pé ó ń fò. Níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń ná iná wọn, òun ń ṣọ́ tirẹ̀ ná, ó ń fi búréèkì pọn ọ́n, ó ń gba iwájú ẹni kan níhìn-ín, ó ń gba iwájú ẹlòmíràn lọ́hùn-ún. Nígbà tí àwọn ènìyàn fi máa ṣíjú, ó ti wà láàárín àwọn olórí.

Günther rí i pé ife wà ní àrọ́wọ́tó. Ó fi ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ fara kan ògiri. Ẹ kíyè sí i, kò sọlu ògiri o, fífara kàn lásán ni, ṣùgbọ́n ní ọ̀nà yẹn fífara kàn ti tó. Ọkọ̀ rẹ̀ rọ, ó jáde. Cassidy di olórí, da Costa sì gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn hó yèè. Èmi náà ì bá pe eré náà ní òpin síbẹ̀.

Àṣìṣe dé. Nínú eré yìí, òfin kan wà tó ń fi awakọ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Ibì kan wà lójú ọ̀nà, ní ẹ̀gbẹ́ kọ́nà kan, tí wọ́n sàmì sí, tí wọ́n sì ri ẹ̀rọ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ó di dandan kí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan yà kúrò lójú ọ̀nà tó yá, kí ó gba orí àmì náà kọjá. Bí ẹ̀rọ abẹ́ ilẹ̀ bá gbọ́ ọ, agbára rẹ̀ á ti 300 gòkè dé 350 fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń yà, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè gba iwájú rẹ̀. Ìyẹn ni pé kí o tó gba oògùn, o ní láti fi ipò rẹ dúró. Da Costa yà lọ, ó gba orí àmì náà, ṣùgbọ́n kò gbà á dáadáa, ẹ̀rọ kò gbọ́ ọ. Ó fi ipò dúró, oògùn kò jẹ́. Ó tún ní láti padà lọ yà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí yóò ti ṣe é tán, ọkọ̀ kan ti wà níwájú rẹ̀, awakọ̀ inú rẹ̀ sì ni Jean-Éric Vergne.

Nínú gbogbo ènìyàn tó lè wà níwájú ọkùnrin yìí, Vergne ni kó! Ọmọ Faransé ni, òun nìkan ló ti gba adé Formula E lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣáájú ni ó sì gba ife ní Hyderabad. Òun àti da Costa ti jọ jẹ nínú àwo kan rí: ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi jọ wa ọkọ̀ fún ẹgbẹ́ Techeetah, inú ilé kan náà ni da Costa sì ti gba adé tirẹ̀. Wọ́n mọ ara wọn tinú-tẹ̀yìn. Vergne mọ ibi tí da Costa fẹ́ràn láti gbà, da Costa sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó mọ bí a ti ń di ọ̀nà pa bíi Vergne. Bí ọ̀kan bá sún sọ́tùn-ún, èkejì ti wà níbẹ̀. Àyíká ń lọ, ó ku díẹ̀, òkè ń wò wọ́n.

Níbi tí ènìyàn gidi ti lè gba iwájú ẹlòmíràn lójú ọ̀nà yẹn, ìparí ibi tó tọ́ gbọọrọ ni, tí àwọn méjèèjì á tẹ búréèkì, tí ẹni tó bá dúró gbẹ̀yìn á sì wọlé. Ibẹ̀ ni Vergne ń ṣọ́. Da Costa kò lọ síbẹ̀. Ibi tí kọ́nà ti so mọ́ kọ́nà, tí ọkọ̀ ti ń fẹ́ lọ tí ògiri sì ń sún mọ́ ni lápá méjèèjì, ibi tí ẹni tó bá nìkan wà pàápàá ti ń gbàdúrà, ibẹ̀ ni ó ti kó ọkọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti Vergne. Ọkọ̀ méjì wọ inú ihò tí wọ́n ṣe fún ẹyọ kan. Èyí tó bá gbọ̀n díẹ̀, ó parí fún àwọn méjèèjì. Vergne, kí a fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, kò tì í mọ́ ògiri; ó fi ìwọ̀n àyè tí ọkọ̀ kan lè gbà sílẹ̀ fún un, ó ṣẹ́kù bí ìbú ọwọ́. Wọ́n jáde lódì kejì, ti Potogí wà níwájú.

Vergne kò sinmi. Ó tẹ̀ lé e títí dé ìlà ìparí, ohun tó sì wà láàárín àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n kọjá kò tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kan. Cassidy ló ṣe ipò kẹta. Ọ̀nà sì gba ẹbọ tó kẹ́yìn ní àyíká tó kẹ́yìn: Fenestraz, ọ̀dọ́mọkùnrin tó sáré ju gbogbo wọn lọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ń du ipò kẹta ni ọkọ̀ rẹ̀ fi lọ fọ́ mọ́ ògiri. Ìlà ìparí kò jìnnà mọ́.

Da Costa jáde nínú ọkọ̀, ó fò mọ́ àwọn ènìyàn Porsche. Ìdíje ọgọ́rùn-ún, láti ipò kọkànlá, lójú ọ̀nà tí ó ti gbé olórí tábìlì mì, tó gbé ẹni tó yára jù mì, tó sì lé mẹ́rin padà sílé láìfọwọ́ kàn wọ́n. Ní tèmi, nínú gbogbo ìdíje tí ìran ọkọ̀ yẹn sá lọ́dún náà, kò sí ìkankan tó tún ní ẹ̀jẹ̀ lára tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tú àwọn ògiri kankéré náà ká, wọ́n dá Vlei Road àti Beach Road padà fún àwọn takisí. Ní oṣù kẹrin, ìjọba fagi lé ìkéde àjálù náà, ṣùgbọ́n òkùnkùn kò tíì gbọ́. Nígbà tí ètò ìdíje ọdún tó tẹ̀lé e jáde, a wá orúkọ Cape Town níbẹ̀ títí, a kò rí i. Ọwọ́ Robin Frijns jiná, ó sì gba àga rẹ̀ padà. Kelvin van der Linde, ọmọ Johannesburg, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró wo Formula E tó wá sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbéra padà sí Yúróòpù, sídìí àwọn ọkọ̀ tó ń mu epo.